Olátẹ́jú Níwájú Ìlẹ̀kùn Àna

Dúró! Ìwọ tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, dúró ná. Bí o bá ń jẹun, gbé òkèlè yẹn kalẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìpàdé ni ò ń múra lọ, ìpàdé ìjọ, ti ẹgbẹ́ tàbí ti ẹbí, níbi tí wọ́n ti fi ìwọ àti ẹlòmíràn ṣe alákòóso iṣẹ́ kan, tí ọkàn rẹ sì ń sọ fún ọ pé orúkọ tìrẹ nìkan ni ó yẹ kí wọ́n máa pè, ìwọ gan-an ni mo ń bá wí. Jókòó. Ọ̀rọ̀ tí ó mú Olátẹ́jú sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè láìdé fìlà, ọ̀rọ̀ rẹ ni.

Ní ayé àwọn baba ńlá wa, kí ìyìn rere tó dé etí wọn, ṣùgbọ́n tí Ẹlẹ́dàá kò fi wọ́n sílẹ̀ láìní ọgbọ́n, ìlú kan wà ní ẹ̀bá odò tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Ọsàn. Níbẹ̀ ni Olátẹ́jú ń gbé. Àgbẹ̀ oníṣu ni. Ọlọ́run fún un ní ohùn: bí ó bá kígbe lóko pé òun ń bọ̀ nílé, ìyàwó rẹ̀ á ti gbé omi ọbẹ̀ kaná. Ẹ má ṣe rò pé ènìyàn burúkú ni. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú, òun ni ó gba Ọdẹ́jídé ọmọ rẹ̀, tí ó tọ́ ọ dàgbà, tí ó la oko fún un, tí kò jẹ́ kí ó mọ̀ pé baba òun kò sí. Àléébù kan ṣoṣo ni ó ní. Ó fẹ́ràn kí a pe òun. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá jọ ṣe ọ̀wẹ̀, tí a wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, tí orúkọ rẹ̀ kò bá ṣáájú, iyán ọjọ́ náà kì í dùn lẹ́nu rẹ̀.

Ọdẹ́jídé dàgbà, ó rí ọmọge kan. Mopélọ́lá ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Òkè Àràbà, ìlú tí ó wà lórí òkè ní òdìkejì odò. Ọmọ náà fẹ́ ẹ, òun náà fẹ́ ọmọ náà, àwọn ẹbí méjèèjì sì ti fi ojú rere wo ara wọn. Ó wá ku ìtọrọ.

Ìtọrọ ìyàwó ní àdúgbò náà kì í ṣe ohun tí a ń fi eré ṣe. Ènìyàn méjì ni ẹbí ọkọ máa ń yàn pé kí wọ́n ṣáájú: ọ̀kan láti ilé baba, ọ̀kan láti ilé ìyá. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe àwọn méjèèjì, Alájùmọ̀tọrọ. Wọn kì í pe ọ̀kan ní olórí kí wọ́n pe èkejì ní igbákejì. Bí o bá kígbe pé "Alájùmọ̀tọrọ o!", àwọn méjèèjì ni yóò dáhùn. Bí wọ́n bá sì gbé oúnjẹ ọpẹ́ wá, inú àwo kan ni wọn yóò ti jọ jẹ ẹ́.

Ní ti àwọn ará Òkè Àràbà, wọn á ti ìlẹ̀kùn ìloro wọn pa. Àwọn àlejò á dúró níta, wọn á kígbe pé, "Àwa dé!" Ohùn ilé baba àti ohùn ilé ìyá ni ó gbọ́dọ̀ jọ ké igbe náà. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ìdí rẹ̀ kò sì ṣòroó mọ̀. Bí ọmọ wa bá dé ilé yín tí ọkọ bá ṣẹ̀ ẹ́, baba wo ni yóò bá ọkọ wí? Bí inú bá ń run ún lóru, ìyá wo ni yóò dìde? Wọ́n fẹ́ gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì kí wọ́n tó fa ọmọ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹbí tí ó bá kùnà lẹ́nu ọ̀nà, ó di ìgbà tí iṣu tuntun bá tún jáde kí wọ́n tó lè padà wá.

Ọdẹ́jídé kò sì lè dúró de iṣu tuntun. Àwọn àbúrò baba Mopélọ́lá ti rí oníṣòwò ọlọ́rọ̀ kan láti ọ̀nà jíjìn, òun ni wọ́n ń fẹ́ kí ọmọ náà fẹ́. Baba ọmọ ti pe Ọdẹ́jídé sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sọ òótọ́ fún un: "Bí àwọn ẹbí rẹ bá wọlé lọ́jọ́ tí a dá, ìyàwó rẹ ni. Bí wọn kò bá wọlé, n kò ní ẹnu tí n ó fi dá àwọn àbúrò mi lẹ́kun mọ́."

Ẹbí péjọ ní Ìdí-Ọsàn. Láti ilé baba, wọ́n yan Olátẹ́jú. Láti ilé ìyá, wọ́n yan Ẹfúnwùmí, ẹ̀gbọ́n ìyá Ọdẹ́jídé, obìnrin tí ó ń hun ẹní, tí ó sanra dáadáa, tí ìrìn rẹ̀ kò yá, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń yára ju ti gbogbo ènìyàn lọ.

"Alájùmọ̀ báwo?" ni Olátẹ́jú wí. "Ẹ dákun, ta ni olórí nínú wa?"

"Kò sí olórí," ni Baba Àgbà, ẹni tí ó dàgbà jù nínú ẹbí, dá a lóhùn. "Ẹ̀yin méjèèjì ni."

"Kí n kúkú jẹ́ olórí, kí àna mi jẹ́ igbákejì. Ìyẹn kì í ṣe èèwọ̀."

Ẹfúnwùmí kò gbójú sókè kúrò lórí ẹní tí ó ń hun. Ó ní, "Baba Ọdẹ́jídé, ojú méjì ni Ọlọ́run fún yín. Èwo ni olórí, èwo ni igbákejì?"

"Èyí tí ó bá ríran jù ni olórí!"

"Ó dáa. Ẹ di igbákejì yẹn, kí ẹ fi olórí nìkan sáré gba àárín igi kọjá, ká wo ibi tí ẹ ó ti forí gbá."

Ilé rọ́ fún ẹ̀rín. Olátẹ́jú náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ètè nìkan ni ó fi rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ kò bá a rẹ́rìn-ín. Ará mi, irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ léwu. Bí o bá ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí nínú ìpàdé, o mọ ohun tí mò ń wí.

Ọjọ́ ìtọrọ pé. Wọ́n ti ṣe àdéhùn pé bí oòrùn bá yọ, kí gbogbo ẹbí pàdé lábẹ́ igi ọsàn àárín ìlú. Ṣùgbọ́n kí oòrùn tó yọ, bí ilẹ̀ ṣe mọ́ báyìí, Olátẹ́jú ti wọ agbádá rẹ̀, ó dé fìlà, ó gbé kèrègbè oyin tí wọ́n fẹ́ fi tọrọ, ó sì mú ọ̀nà òkè pọ̀n. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ: "Kí wọ́n tó dé, n ó ti wọlé. Bí wọ́n bá ń kọrin, Olátẹ́jú tí ó ṣílẹ̀kùn ni wọn ó máa kọ. Kí ni mo fẹ́ fi ẹnìkejì ṣe? Ohùn tèmi tó ti ènìyàn méjì. Ó tó ti mẹ́ta!"

Ó gun òkè, ó dé ẹnu ọ̀nà àna. Ìlẹ̀kùn wà ní títì. Ó tún fìlà ṣe, ó gbé kèrègbè kalẹ̀, ó sì fi ohùn rẹ̀ mi ilé náà.

"Àwa dé o!"

Ìyá Atọ́kẹ́, obìnrin tí ó dàgbà jù nínú agboolé náà, ni ó jókòó sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn pẹ̀lú àwọn ìyàwó ilé. Eyín mẹ́ta péré ni ó kù lẹ́nu rẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bu ènìyàn jẹ ju tirẹ̀ lọ.

"Ẹ káàbọ̀ o," ni ó dáhùn. "Ohùn ilé baba la gbọ́ yẹn. Ohùn ilé ìyá ńkọ́?"

Olátẹ́jú wo ọ̀tún, ó wo òsì. Òun nìkan ni. Ó fún ọ̀fun rẹ̀ mọ́ra, ohùn kan sì jáde bí ti òròmọdìyẹ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀: "Àwa náà dé ooo!"

Àwọn ìyàwó ilé wo ara wọn lójú. Nígbà tí ó ṣe, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé ní, "Ìyá, ewúrẹ́ kan wà níta."

"Má pe àna wa ní ewúrẹ́," ni Ìyá Atọ́kẹ́ wí. Ó wá gbóhùn sókè: "Ìyá ọkọ, òtútù ló mú yín ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni o," ni ohùn tín-ín-rín náà dáhùn. "Òtútù orí òkè yín yìí ni."

"Pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ẹ pọ̀ dáadáa?"

"A pọ̀!" ni Olátẹ́jú fi ohùn ńlá dáhùn. Kí wọ́n lè gbà á gbọ́, ó hú ikọ́ arúgbó, ó fẹsẹ̀ kilẹ̀ ní ọ̀tún, ó fò sí òsì, ó fẹsẹ̀ kilẹ̀ níbẹ̀ náà, ó sì ké bí ọmọ ọwọ́.

"Háà, ọmọ tuntun wà níbẹ̀!" ni Ìyá Atọ́kẹ́ wí. "Ìyá ọkọ, ẹ fún ọmọ lọ́mú. À ń dúró dè yín."

Olátẹ́jú dúró, ó ń làágùn nínú òtútù tí ó ní ó mú òun. Nígbà tí ó pẹ́, ohùn tín-ín-rín náà ní, "Ó... ó ti sùn."

Àwọn ìyàwó ilé ti ń fi aṣọ bo ẹnu. Ìyá Atọ́kẹ́ na ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n má ì rẹ́rìn-ín. Ihò kan wà nísàlẹ̀ ìlẹ̀kùn náà, ibi tí wọ́n ti máa ń wo ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ àwọn àlejò. Ó tẹríba, ó fi ojú kan sí i.

"Ó tó. Kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí obìnrin kúnlẹ̀."

Olátẹ́jú dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó fò dìde, ó ká agbádá mọ́ ìdí bí ìró, ó sì kúnlẹ̀ sí apá kejì.

"Lẹ́ẹ̀kan náà o!"

Ó yára sí i. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó kúnlẹ̀. Fìlà bọ́ lórí rẹ̀, ó yí gbirigbiri wọ inú koríko. Ní ìgbà kẹfà, orúnkún rẹ̀ gbá kèrègbè, oyin dà sí i láyà, àwọn èèrà ọ̀nà sì gbọ́ òórùn rẹ̀. Bí ó ti ń dọ̀bálẹ̀ ni ó ń họ ara. Nígbà náà ni àwọn obìnrin inú ilé kò lè mú un mọ́ra mọ́. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi jókòó sílẹ̀. Ìyá Atọ́kẹ́ fi ọwọ́ di ìhà méjèèjì mú, ó ní, "Ẹ gbà mí o, eyín mi mẹ́ta tó kù ti fẹ́ já!"

Ẹnìkan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín nínú ilé náà. Mopélọ́lá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi, ó ń ro iye oṣù tí ó wà láàrín ọjọ́ yẹn àti iṣu tuntun, ojú rẹ̀ sì kún fún omijé. Baba rẹ̀ rí i. Ó dìde, ó rìn dé ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Gbogbo ẹ̀rín dákẹ́.

"Ẹ̀yin tí ẹ wà níta," ni ó wí, "ọmọ mi ń sunkún níhìn-ín. Ẹ̀yin mélòó ni?"

Olátẹ́jú lanu. Kò sí ohùn ńlá, kò sí ohùn tín-ín-rín. Ohùn tirẹ̀ gan-an, tí kò tíì gbọ́ láti àárọ̀, ni ó jáde, ó sì kéré.

"Èmi nìkan ni, Baba."

"Ẹnìkejì rẹ dà?"

"Mo fi í sílẹ̀."

"Nítorí kí ni?"

Olátẹ́jú wo oyin láyà rẹ̀, ó fi etí agbádá nù ún.

Baba Mopélọ́lá mí kanlẹ̀. "Bí o bá lè fi ẹni tí wọ́n yàn tì ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ ayọ̀, ọmọ mi ńkọ́, lọ́jọ́ ìṣòro? Mo fẹ́ràn Ọdẹ́jídé. Nítorí tirẹ̀, n kò ní sọ pé o ti kùnà. Ṣùgbọ́n wo oòrùn. Bí ó bá kàn tàrí kí n tó gbọ́ ohùn méjì lẹ́nu ọ̀nà yìí, ó di ìgbà iṣu tuntun."

Olátẹ́jú kò dúró wá fìlà. Ó yípadà, ó sáré. Ẹni tí ó ti ń rìn bí ọba gòkè láàárọ̀ ń sáré sọ̀ bí àgbò tí okùn rẹ̀ já, agbádá ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, èèrà ń bù ú jẹ ní ọrùn. Ohun tí ó ń dùn ún kì í ṣe èèrà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́, ni ó fẹ́ fi ìyàwó rẹ̀ dù nítorí orin.

Ó bá wọn ní etí odò, ní ẹsẹ̀ òkè. Wọ́n ti dúró dè é lábẹ́ igi ọsàn títí. Àwọn ènìyàn ní kí wọ́n máa lọ, Ẹfúnwùmí ní, "Láìsí ẹnìkejì mi? Kí n lọ sọ pé ta ló dé?" Nígbà tí ọmọdé kan wá sọ pé òun rí i ní ọ̀nà òkè ni wọ́n tó gbéra, wọ́n sì ń bá ẹsẹ̀ Ẹfúnwùmí tí kò yá rìn. Nígbà tí Olátẹ́jú yọ sí wọn, Ọdẹ́jídé wo orí rẹ̀ tí kò ní fìlà, ó sì wo àyà rẹ̀ tí ó kún fún oyin.

Olátẹ́jú dọ̀bálẹ̀ fún Ẹfúnwùmí nínú yanrìn. Nínú gbogbo ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ láti àárọ̀, èyí nìkan ni ó jẹ́ òtítọ́.

"Ìyá, mo ṣe é," ni ó wí. "Mo fẹ́ kí wọ́n pe èmi nìkan. Mo fi ohùn mi ṣe tiyín, mo fi orúnkún mi ṣe tiyín, wọn kò sì ṣílẹ̀kùn fún mi. Bí oòrùn bá kàn tàrí, ó parí. Ẹ forí jì mí, ẹ jẹ́ ká lọ."

Ọ̀rọ̀ ń bẹ lẹ́nu Ẹfúnwùmí tí ó lè fi jẹ ọkùnrin náà tán níwájú gbogbo ènìyàn. Kò sọ ọ́. Ó ní, "Ohùn mi tí ẹ fi ohùn yín ṣe yẹn, báwo ni ó ṣe rí?"

Olátẹ́jú gbójú sókè. Ó fún ọ̀fun mọ́ra, ó ní, "Àwa náà dé ooo!"

Ẹfúnwùmí rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá igi odò mú. "Áà! Wọ́n ṣe dáadáa tí wọn kò ṣílẹ̀kùn! Ẹ dìde, mo ti forí jì yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo òkè yìí, ẹ wo ẹsẹ̀ mi, ẹ sì wo oòrùn. Báwo ni a ó ṣe dé?"

Olátẹ́jú kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí i. "Ẹ gùn mí."

"Hẹn?"

"Mo ní ẹ gùn mí, Ìyá. Ẹsẹ̀ tèmi yá, ojú tiyín ni yóò máa wo ọ̀nà."

Bẹ́ẹ̀ ni ó pọ̀n ọ́n. Ìyẹn ni kí o rí! Olátẹ́jú ń mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́, Ẹfúnwùmí wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń na ìka: "Ẹ yà sọ́tùn-ún, òkúta wà níwájú! Ẹ rọra, gbòǹgbò nìyẹn! Ó ku díẹ̀, ọkọ mi!" Ẹbí tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kọrin, Ọdẹ́jídé sì wà níwájú ó ń ya ẹ̀ka igi kúrò lọ́nà, òun náà ti ń rẹ́rìn-ín báyìí. Nínú orin náà, wọn kò dárúkọ Olátẹ́jú, wọn kò dárúkọ Ẹfúnwùmí. "Alájùmọ̀tọrọ ń bọ̀" ni wọ́n ń kọ. Inú Olátẹ́jú sì dùn sí orin náà ju èyíkéyìí tí a ti fi orúkọ rẹ̀ kọ rí. Bí Ọlọ́run ṣe ń wo ọkàn sàn nìyẹn: ó lè jẹ́ nípa ẹrù tí a gbé sí ọ lẹ́yìn.

Òjìji wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ abẹ́ ẹsẹ̀ wọn tán nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Wọn kò dúró kí èémí wọn sọ̀ kalẹ̀. Ohùn ńlá àti ohùn obìnrin tòótọ́ jọ jáde:

"Àwa dé o!"

Olátẹ́jú dọ̀bálẹ̀, Ẹfúnwùmí kúnlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá Atọ́kẹ́ wo inú ihò. Ó rí àyà kan, ó rí orúnkún méjì tí kì í ṣe ti ẹni tí ó ni àyà náà, ó sì rí ẹsẹ̀ rẹpẹtẹ lẹ́yìn wọn. Ó fúnra rẹ̀ fa ìlẹ̀kùn ṣí. Mopélọ́lá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sáré jáde kí wọ́n tó pè é, àwọn ìyàwó ilé sì ń pariwo pé ìyàwó kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni ó dá wọn lóhùn? Ayọ̀ gba gbogbo ilé kan.

Ìyá Atọ́kẹ́ na ìka sí Olátẹ́jú. "Ìwọ, ìyá ọlọ́mọ! Ṣé ọmọ ti jí?" Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àwọn tí ó gbọ́ ọ mú un dé Ìdí-Ọsàn, àwọn ọmọ wọn mú un dé ìlú mìíràn, ó sì ti di òwe lẹ́nu gbogbo àgbà ilẹ̀ Yorùbá títí dòní pé: ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé.

Ìwọ tí o ka ìwé yìí dé ibí, ẹni tí wọ́n yàn tì ọ́ ńkọ́? Mo bẹ̀ ọ́ nítorí Ọlọ́run, má ṣe dá lọ mọ́. Dìde nísinsìnyí, yípadà, kí o sì lọ pè é.